Ejò Kì í Dì Mọ́ni

Tansy, Oklahoma
Ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta, 2003

Retha ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé Fintan ọkọ rẹ ò tíì já bọ́ lórí ẹṣin ẹlẹ́ṣin? Oyún ńkọ́, ṣé ó ti ń tàpá? Ní tèmi, ara ò le, ara ò rọ̀. Ìjì wó igi pìkáànì ẹ̀yìnkùlé lu ilé adìẹ. Adìẹ kan ṣoṣo ló kú, èyí tó máa ń ṣá mi lọ́wọ́ jẹ ni, nítorí náà mi ò sunkún.

Jókòó kí o tó ka èyí tó kàn. Mo ra ìbọn ìléwọ́. Má pariwo, o ní oyún nínú. Kékeré ni, irú èyí tó ní àgbá róbótó tó ń gba ọta márùn-ún. Mo lọ sí kíláàsì tí wọ́n ti ń kọ́ni, èmi àti àwọn ọmọ ogún ọdún, ẹni tó sì kọ́ wa ní ọwọ́ mi dúró ju tiwọn lọ. Ejò ni mo rà á fún. Ejò ti pọ̀ jù ní Tansy lọ́dún yìí.

Ìṣòro mi báyìí ni ohun tí màá fi gbé e. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ọkùnrin tó ń tajà kó àkọ̀ ìbọn síwájú mi bí ẹni ń ta bàtà. Ti ike wà, ti aṣọ wà, èyí tí wọ́n ń kì bọ inú ṣòkòtò wà, èyí tí wọ́n ń dè mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ náà wà. Ó tún mú ọ̀kan wá, ó ní abẹ́ kọ́mú ni wọ́n ń há a sí. Mo ní, “Ọmọ mi, kí n tó wá a rí lábẹ́ ẹrù tó wà níbẹ̀, ẹni tó fẹ́ pa mí á ti pa mí tán, á ti jẹun.” Gbogbo ṣọ́ọ̀bù fẹ́rẹ̀ẹ́ kú fún ẹ̀rín. Mi ò ra nǹkan kan. Ara mi ò gba ike. Odidi ogójì ọdún ni mo fi sùn ti ọkùnrin tó ń rán awọ, mo mọ ohun tó dáa.

Láti ìgbà tí bàbá rẹ ti kú, ìwọ lo kù tí o mọ iṣẹ́ rẹ̀. Jọ̀wọ́, yan àkọ̀ àti ìgbànú fún mi, tàbí kí o kúkú rán an. Ìbàdí ọ̀tún ni mo fẹ́ kó wà, lábẹ́ aṣọ ìdáná mi. Ṣòkòtò mi jẹ́ nọ́ńbà méjìlélọ́gbọ̀n. Má fóònù mi lórí ọ̀rọ̀ yìí o, fóònù ilé ò dáa mọ́. Lẹ́tà ni kí o kọ.

Coy àbúrò rẹ ní kí n kí ọ.

Èmi ìyá rẹ,
Verlene


Kildare, Ireland
Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹta, 2003

Mọ́mì mi,

Ẹ kú ìjì, ẹ kú àdánù adìẹ. Ọmọ inú mi ń tàpá bí ẹṣin. Dókítà ti ní mi ò gbọdọ̀ wọkọ̀ òfuurufú títí màá fi bí i ní oṣù kẹjọ, ẹ̀jẹ̀ mi ti ń ru. Orí àga ni mo ti ń rán gàárì báyìí, ẹsẹ̀ mi wà lórí àpótí.

Mo jókòó bí ẹ ṣe wí, síbẹ̀ mo pariwo. Fintan sáré wọlé, ó rò pé ọmọ ti ń bọ̀. Mọ́mì! Ẹ̀yin tí Dádì ò gbọdọ̀ gbé ìbọn ọdẹ sórí tábìlì oúnjẹ yín! Ejò wo ló sì ń rìn ní Oklahoma lóṣù kẹta, nígbà tí ilẹ̀ ṣì tutù? Tí ó bá sì jẹ́ ejò ni, ọkọ́ ńkọ́? Ọkọ́ lẹ fi ń gé wọn lórí láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú.

Ó dáa, ẹ ti rà á. Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ bí oníṣẹ́. Ìgbànú ni kéèyàn kọ́kọ́ rò, kó tó kan àkọ̀. Gbogbo ayé ló ń kó owó lé àkọ̀, wọ́n á wá fi ìgbànú jẹ́lẹ́ńkẹ́ gbé e. Ìbọn á máa fà á wálẹ̀, á máa yí ẹnu síta, ẹni tó dè é á máa fa ṣòkòtò sókè láàárín ìjọ. Awọ méjì ni màá lẹ̀ pọ̀, màá rán an yípo, kó le gan-an.

Ẹ má sọ nọ́ńbà ṣòkòtò fún mi. Irọ́ ni nọ́ńbà ṣòkòtò ń pa, ẹ̀yin náà mọ̀, Dádì kì í gbà á lọ́wọ́ oníbàárà. Ẹ mú okùn, ẹ fi ìbọn síbi tí ẹ fẹ́ kó wà, ẹ yí okùn náà ká ìbàdí yín àti ìbọn pọ̀, kí ẹ wá wọn okùn náà fún mi.

Èyí tó le ni ti àkọ̀. Ẹ rántí bí Dádì ṣe ń ṣe é: á rẹ awọ sínú omi, á fi ìbọn sínú rẹ̀, á máa fi eegun tẹ̀ ẹ́ títí awọ á fi mú ìrísí ìbọn, á wá gbẹ bẹ́ẹ̀. Kò sí ìbọn níbí, Mọ́mì. Ọlọ́pàá wọn gan-an ò gbé e. Kí ni màá fi tẹ̀ ẹ́?

Kí ló dé tí Coy ò lè ṣe é? Irinṣẹ́ Dádì ṣì wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù, ó sì mọ abẹ́rẹ́ í fà. Ẹ jẹ́ kó dìde lórí àga kó ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Ṣé ẹ̀yìn tó fi lulẹ̀ nígbà tó já bọ́ lórí ẹ̀rọ ìwakùsà yẹn ṣì ń dùn ún?

Ẹ dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí kí n tó gé awọ: ṣé ẹ ó máa dè é jókòó ni àbí lórí ìdúró? Ṣé inú ọkọ̀ ni? Ta lẹ ò fẹ́ kó rí i?

Ọmọ yín,
Retha


Tansy
Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin, 2003

Retha,

Mo bèèrè ìgbànú, o fi lọ́yà ránṣẹ́ sí mi. Bàbá rẹ kì í bi oníbàárà ní ìdajì ohun tí o bi mí. Ṣùgbọ́n mo kí ọ, mo sì kí ọmọ inú rẹ. Gbé ẹsẹ̀ rẹ sókè dáadáa. Má jẹ iyọ̀.

Ní ti ìbọn tí o ní o nílò, mo ti rọ́gbọ́n dá. O rántí bí a ṣe ń fi ìyẹ̀fun àti iyọ̀ ṣe ìràwọ̀ tí a ń so mọ́ igi Kérésìmesì? Mo po ìyẹ̀fun, mo gbé ìbọn lé e, mo gé e yípo bí apá ọ̀tún rẹ̀ ṣe rí, mo gé òmíràn bí apá òsì, mo lẹ méjèèjì pọ̀, mo sì yan án nínú ààrò. Ó jáde bí ìbọn gẹ́lẹ́. Ó wà nínú àpótí yìí. Mo fi ìbọ̀sẹ̀ bàbá rẹ wé e kó má fọ́.

Okùn jẹ́ íńṣì mẹ́rìndínlógójì. O rí i, nọ́ńbà ṣòkòtò purọ́ lóòótọ́.

Ìdáhùn rẹ nìyí. Inú ilé ni màá ti máa dè é, láti òwúrọ̀. Mo fẹ́ kó ṣeé jókòó pẹ̀lú rẹ̀ nídìí tábìlì. Kó má sí lẹ́yìn mi o, nítorí tí mo bá ń fọ abọ́, ẹni tó bá wà lẹ́yìn mi á rí i kí n tó rí ẹni náà. Fi awọ kan dè é lórí, èyí tó jẹ́ pé àtàǹpàkò tèmi nìkan ló lè ṣí i, kí ẹlòmíràn má lè já a gbà. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kó má hàn rárá bí ẹnì kan bá dì mọ́ mi.

Irinṣẹ́ bàbá rẹ ò sí lára ògiri mọ́. Mo fi wọ́n tọrẹ. Má bi mí nípa ìyẹn. Coy wà. Ẹ̀yìn ń dùn ún.

Tètè ṣe é, jọ̀wọ́.

Ìyá rẹ


Kildare
Ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹrin, 2003

Mọ́mì mi,

Ẹ kú ọgbọ́n orí. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín ni màá kọ́kọ́ sọ. Àwọn aṣọ́bodè tú àpótí yín, wọ́n sì rí ìbọn nínú ìbọ̀sẹ̀. Ọlọ́pàá méjì wá kan ilẹ̀kùn wa nígbà tí a ń jẹun ọ̀sán. Èyí àgbà gbé ìbọn yín sórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀dùnkún, ó ní, “Ìyáàfin, kí lèyí?” Mo ní, “Ìyẹ̀fun ni, sà.” Kò gbà mí gbọ́. Ó fi ahọ́n lá a ní ìdí, ó wo ẹnì kejì rẹ̀, ó ní, “Olúwa ò, iyọ̀ ni!” Fintan rẹ́rìn-ín títí ó fi jáde lọ sí gbàgede. Wọ́n mu tíì lọ́dọ̀ wa kí wọ́n tó lọ. Wọ́n ní kí n kí yín, àti pé kí ẹ fún ìyẹ̀fun yín ní ṣúgà díẹ̀ nígbà mìíràn.

Mo ti ṣe é. Mo fi ọ̀rá wé ìbọn ìyẹ̀fun náà kí omi má bà á jẹ́, mo tẹ awọ mọ́ ọn, ó gbẹ, ó lẹ́wà. Gbogbo ibi tí ìka ń fà ni mo bò pátápátá, kí nǹkan kan má baà kọ́ ọ. Ìgbànú náà wà, ihò márùn-ún, òwú funfun tí mo fi ìda fà. Dádì á fọwọ́ pa á lára, á ní, “Hm,” ẹ sì mọ ohun tí “Hm” Dádì túmọ̀ sí.

Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń rán an ni mo ń ka lẹ́tà yín. Ọdún mẹ́wàá ni mo fi bá Dádì rán àkọ̀. Èèyàn ò ní láti sọ ẹni tó ń bẹ̀rù fún wa. Ohun tó bá ní ká rán ló máa sọ ọ́. Ẹni tó ń bẹ̀rù olè ojú ọ̀nà á ní kó ṣeé fà yọ kíá nínú ọkọ̀. Ẹni tó ń bẹ̀rù ejò, gbangba ló máa dè é sí, lókè aṣọ, kò ní bò ó. Ejò ò mọ ohun tó wà lábẹ́ aṣọ ìdáná. Ejò kì í dúró lẹ́yìn ẹni tó ń fọ abọ́. Ejò kì í já ìbọn gbà.

Ejò kì í dì mọ́ni, Mọ́mì.

Ta ló ń dì mọ́ yín? Bernadine ọ̀rẹ́ yín kì í dì mọ́ ẹnikẹ́ni, ọwọ́ ló ń bọ̀ yín. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tó ń wọ ilé ìdáná yín tó sì ń dì mọ́ yín, mi ò sì fẹ́ kọ orúkọ rẹ̀ sínú lẹ́tà yìí.

Àkọ̀ àti ìgbànú wà lórí tábìlì mi. Mi ò ní fi ránṣẹ́ títí ẹ ó fi sọ òótọ́ fún mi. Ẹ bínú bí ẹ bá fẹ́.

Retha


Kildare
Ọjọ́ ogún oṣù karùn-ún, 2003

Mọ́mì,

Oṣù kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé, mi ò gbúròó yín. Lójoojúmọ́ ni mò ń dúró de ẹni tó ń pín lẹ́tà bí ọmọdé tó ń dúró de ìyá rẹ̀ lọ́jà. Ẹni náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀yìn ilé kọjá, kó má baà rí ojú mi.

Lánàá mo fóònù. Mo mọ̀ pé ẹ ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀. Ó dún lẹ́ẹ̀kan, Coy gbé e. Fóònù tí ẹ ní kò dáa. Aago mẹ́rin ọ̀sán ni lọ́dọ̀ yín. Ó ní ẹ ń sùn. Mọ́mì, ẹ kò sùn lọ́sàn-án rí láyé yín. Ohùn rẹ̀ dùn, ó dùn jù. Ó ní, “Sìsítà mi, báwo ni ọmọ wa?” Lẹ́yìn náà ló wá ní, “Kí lẹ̀yin méjèèjì ń kọ síra yín gan-an? Gbogbo ìgbà ni Mọ́mì ń ká lẹ́tà bọ àyà.” Mo ní ọ̀rọ̀ oyún ni. Ó ní, “Ó dáa,” ṣùgbọ́n kò gbé fóònù sílẹ̀, mò ń gbọ́ èémí rẹ̀.

Ẹ̀rù bà mí. Mo ti fi àkọ̀ àti ìgbànú náà ránṣẹ́ láàárọ̀ yìí. Bernadine ni mo kọ orúkọ rẹ̀ sí i, á mú un wá fún yín. Ẹ dárí jì mí pé mo fi dù yín. Ẹ fi irin ìgbànú sí ihò kẹta. Kò sí ibi kankan lára èèyàn tí ẹni tó dì mọ́ ọn ò ní kàn, nítorí náà ìgúnpá yín lẹ ó máa fi bò ó. Bí ẹ bá ti rí i pé ẹnì kan ń bọ̀ wá dì mọ́ yín, ẹ mú ìgúnpá mọ́ra, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn.

Ẹ kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sí mi, ó tó.

Retha


Tansy
Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù karùn-ún, 2003

Retha ọmọ mi,

Mo ti kọ lẹ́tà yìí nígbà mẹ́rin, mo ya á nígbà mẹ́rin. Ilé Bernadine ni mo ti ń kọ èyí. Ó ń ṣe bí ẹni pé òun ò wò mí.

Coy ni. Ìwọ náà mọ̀. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani, bàbá rẹ àgbà máa ń sọ ọ́, mo rò pé àròfọ̀ lásán ni.

Láti ìgbà tó ti já bọ́ lórí ẹ̀rọ yẹn lọ́dún méjì sẹ́yìn ni wọ́n ti ń fún un ní oògùn ìrora. Nígbà tí dókítà ò fún un mọ́, ó ń wá a kiri. Òun ló kó irinṣẹ́ bàbá rẹ lọ, gbogbo rẹ̀, àní eegun tí bàbá rẹ fi ń tẹ awọ. Ta ló máa ra eegun, Retha? Mo ní mo fi wọ́n tọrẹ nítorí ojú ń tì mí.

Èmi náà ní oògùn tí mò ń lò fún orúnkún. Inú àpò aṣọ ìdáná ni mò ń fi í sí. Coy á wọlé, á ní, “Mọ́mì mi àtàtà,” á dì mọ́ mi, á gbé orí lé mi léjìká bó ṣe máa ń ṣe ní kékeré. Bó ṣe dì mọ́ mi bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ á máa tú àpò mi. Mo mọ̀. Òun náà mọ̀ pé mo mọ̀. Mo sì máa ń dúró jẹ́ẹ́ kó tú u tán, nítorí ìgbà yẹn nìkan ni ọmọ mi ń fọwọ́ kàn mí.

Ní oṣù kejì, kò bá nǹkan kan nínú àpò. Ó fún mi lọ́rùn mọ́ ara fíríìjì. Mi ò mọ bó ṣe pẹ́ tó. Nígbà tó fi mí sílẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó sunkún, ó ní kí n pa òun. Èmi ni mo wá ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Lọ́sẹ̀ kejì ni mo ra ìbọn.

Má sọ fún mi pé kí n lé e. Ọmọ ẹni kì í burú títí ká lé e fún ẹkùn pa jẹ. Ọlọ́pàá tí mo bá pè, bóyá ìbọn ni òun náà á mú wá. Mi ò fẹ́ yìnbọn fún Coy. Mo kàn fẹ́ kí nǹkan kan wà nínú ilé yìí tí òun á máa bẹ̀rù, nítorí kò bẹ̀rù mi, kò sì bẹ̀rù Ọlọ́run mọ́.

O ti bi mí, mo ti sọ. Fi ìgbànú mi ránṣẹ́.

Ìyá rẹ


Kildare
Ọjọ́ kejì oṣù kẹfà, 2003

Mọ́mì mi, ìyá mi,

Lẹ́tà yín dé láàárọ̀ yìí. Ẹ kọ ọ́ ní ọjọ́ kan ṣáájú tèmi, àwọn méjèèjì ti kọjá ara wọn lójú ọ̀nà. Mi ò mọ bí màá ṣe kí yín. Ẹ kú ìfaradà, ṣé èyí tó? Kò tó.

Mo sunkún títí Fintan fi pe dókítà. Lẹ́yìn náà inú bí mi sí yín. Ọdún méjì! Ẹ ń sọ̀rọ̀ adìẹ fún mi nígbà tí wọ́n ń fún yín lọ́rùn! Lẹ́yìn náà inú bí mi sí ara mi, èmi tí mo kó ẹrù mi wá sí ìlú ẹlẹ́ṣin, tí mo fi yín sílẹ̀ fún un. Èmi ni mo kọ́ Coy ní ìlúwẹ̀ẹ́. Ọrùn mi ló máa ń dì mú tí omi bá ti jìn.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó yára ju gbogbo èyí lọ, ẹ kà á dáadáa. Ẹ JỌ̀WỌ́, Ẹ MÁ TÍÌ DÈ É. Mo ronú kan ìyẹ̀fun yẹn. Ìyẹ̀fun máa ń wú nínú ààrò! Ìràwọ̀ Kérésìmesì wa, ṣé ẹ rántí, wọ́n máa ń sanra jáde ni. Ìbọn ìyẹ̀fun tí mo tẹ awọ mọ́ tóbi ju ìbọn yín lọ. Mo yẹ kí n mọ̀, èmi oníṣẹ́, mo kàn ń yára. Àkọ̀ náà á tú jù fún un. Bí ẹ bá tẹ̀ ba síwájú ààrò, ìbọn lè yọ̀ bọ́. Ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ ní kí Bernadine fi rúlà wọn ìbọn náà fún mi, nínípọn, gígùn, gbogbo rẹ̀, màá gbẹ́ igi, màá rán òmíràn.

Àní kí ni mò ń sọ gan-an? Mo jókòó síbí, mò ń gbàdúrà kí àkọ̀ náà dáa, kó lè gbà yín. Mo tún ń gbàdúrà kó má dáa, kí ìbọn má lè yọ níbẹ̀ láéláé. Bí mo bá rán an dáadáa, bóyá mo pa àbúrò mi. Bí mo bá rán an burúkú, bóyá mo pa ìyá mi. Èwo ni kí n rán, Mọ́mì? Dádì ò kọ́ mi ní ìyẹn.

Ẹ lọ gbé lọ́dọ̀ Bernadine. Mi ò lè wá. Mo bẹ dókítà, ó ní bí mo bá wọkọ̀ òfuurufú, èmi àti ọmọ lè má sọ̀kalẹ̀ láàyè. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dè é.

Retha


Tansy
Ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹfà, 2003

Retha ọmọ mi,

Mo kí ọ o, mo kí ọkọ rẹ, mo kí ọmọ tí ojú mi ò tíì rí. Má sunkún mọ́, ó ń mú ẹ̀jẹ̀ ru.

Ìgbànú rẹ ṣáájú lẹ́tà ìkìlọ̀ rẹ dé. Bernadine gbé e wá nínú agbọ̀n, ó fi ẹyin bò ó. Retha, ó dáa. Mo gbé e sí imú, òórùn ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ ló ní. Lóòótọ́ ni ìyẹ̀fun wú. Ìbọn ń mì nínú àkọ̀ bí eyín àgbà. Mo gé ẹsẹ̀ kejì ìbọ̀sẹ̀ bàbá rẹ, mo kì í sí i, ó dúró. Ìyá oníṣẹ́ awọ náà ni mí.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo dè é, nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, mo gbé ẹ̀wà kaná, mo yan búrẹ́dì àgbàdo. Coy wọlé. Ó ti gbẹ, ó ti dúdú lábẹ́ ojú. Ó ní, “Mọ́mì mi àtàtà.” Ó na ọwọ́.

O ní kí n mú ìgúnpá mọ́ra. Mo rántí. Mo fi Ọlọ́run búra, mo rántí. Ṣùgbọ́n ọmọ mi na ọwọ́ sí mi, apá mi sì gbé ara rẹ̀ sókè.

Ó dì mọ́ mi. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sí àpò bó ṣe máa ń lọ, ó wá kan awọ. Ó dúró. Kò yọ ọwọ́, kò fi tẹ̀ ẹ́. Orí rẹ̀ ṣì wà léjìká mi. Ó ní, “Ta ló rán an?” Mo ní, “Sìsítà rẹ.” Ó ní, “Mo mọ òwú rẹ̀.” Ó ní, “Mọ́mì, ta lẹ dè é dè?”

Mo ti múra irọ́ ejò sílẹ̀ láti oṣù kẹta. Kò jáde. Mo ní, “Ìwọ ni, Coy.”

Ó fi mí sílẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń gbé ẹyin sílẹ̀. Ó jókòó. Mo bu ẹ̀wà fún un, kí ni mo tún lè ṣe? Ó jẹ ẹ́ tán. Ó dìde, ó fọ abọ́ rẹ̀, ó nù ún, ó gbé e síbi tó ń gbé. Láti ọmọ ọdún méjìlá, Coy ò fọ abọ́ nínú ilé yìí. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ ilé lára okùn rẹ̀, ó fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ iyọ̀, ó sì gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Mo pè é. Kò bojú wẹ̀yìn.

Ó di ọ̀sẹ̀ kan lónìí. Bernadine ti fi ọkọ̀ wá a yí ká. Mo pe ọlọ́pàá níkẹyìn, wọ́n ní àgbàlagbà ni, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti lọ síbi tó wù ú. Wọ́n bi mí bóyá ó mú ohun ìjà dání. Mo ní rárá, èmi ni.

Ohun tí mo fẹ́ ni mo rí gbà: ó bẹ̀rù nǹkan kan. Mo ti yọ ọta kúrò nínú ìbọn, mo gbé e sókè kọ́bọ́ọ̀dù. Mo fi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sílẹ̀ láìtì í. Mò ń bu oúnjẹ rẹ̀ síbẹ̀ lójoojúmọ́, ní alaalẹ́ mo ń kó o fún adìẹ.

Ìgbànú náà ni mi ò tíì lè bọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ni, ọwọ́ àbúrò rẹ ló sì kàn án gbẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n mi ò fi bẹ́ẹ̀ jẹun mọ́, ó ti tóbi fún mi. Mo ti dé ihò tó kẹ́yìn, ó ṣì ń yọ̀ wálẹ̀. Sọ fún mi bí wọ́n ṣe ń lu ihò mìíràn sí i, tàbí kí o fi irin tí wọ́n fi ń lù ú ránṣẹ́. Kò sí irinṣẹ́ kankan nílé mọ́.

Ìyá rẹ,
Verlene